Ìkùukù Tó Bí Ìràwọ̀

"Gáàsì wo? Èyí tí wọ́n ń tà ní kílò?" Ohun tí màmá mi bi mí nìyẹn nígbà tí mo ṣàlàyé iṣẹ́ tí mò ń ṣe ní yunifásítì ní Àkúrẹ́ fún wọn. Tíṣà tó ti fẹ̀yìntì ni wọ́n, ilé wọn ní Oǹdó ni mo ti wá lo ọjọ́ Àìkú. Àbúrò mi obìnrin jókòó tì wá, oyún rẹ̀ ti gbó, ó ń fi mí rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀rín yẹn bí mi nínú. Ni mo bá wá Yorùbá tí yóò yé wọn. Mo ní ìkùukù ńlá kan wà lójú ọ̀run, gáàsì òun eruku ni, inú rẹ̀ ni ìràwọ̀ ti ń kóra jọ. Bí ìràwọ̀ náà ṣe ń fa gáàsì mọ́ra, bẹ́ẹ̀ ló ń tú díẹ̀ jáde lókè àti nísàlẹ̀, tagbára-tagbára, bí ooru ṣe ń ti ẹnu kẹ́tùlù jáde. Mo wá fi kún un pé, "Ìkùukù ni ìyá, ìràwọ̀ ni ọmọ. Afẹ́fẹ́ tí ọmọ ń tú jáde náà ló máa ń tú ìyá ká."

Màmá mi gbé àwo oúnjẹ wọn kalẹ̀. "Níwájú aláboyún? A ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ!"

"Àmín," ni àbúrò mi wí, ó tún bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà ṣe àmín, mo kàn fajú ro ni. Ẹ̀kọ́ ni mò ń kọ́ wọn, n kò ṣépè.

Lọ́jọ́ tí àbúrò mi bímọ, ohùn ọmọ nìkan la gbọ́. Ẹ̀jẹ̀ ń dà, kò dá. Nígbà tí mo fi máa ti Àkúrẹ́ gba Òwènà dé Oǹdó, wọ́n ti daṣọ bo àbúrò mi.

Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ mi kọ́ ló pa á. Ìmọ̀ yẹn ò wúlò fún mi nílé màmá mi. Wọn ò bá mi wí, ṣùgbọ́n wọn ò jẹ́ kí n fọwọ́ kan ọmọ náà. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, màmá mi ń fi fídà fún ọmọ ní mílíìkì, wọn ò wojú mi. "Ìkùukù ọjọ́sí," ni wọ́n wí, "tí ó bá túká tán, ibo ló ń lọ?"

Mo ní díẹ̀ nínú rẹ̀ lè kóra jọ níbòmíràn, kí ó tún bí ìràwọ̀ mìíràn.

"Kì í padà wá wo ti àkọ́kọ́?"

"Rárá, Màmá."

Wọ́n nu ẹnu ọmọ náà, wọ́n sì gbé e lé mi lọ́wọ́.