Ẹẹ́tàdínlógún Lọ́nà Mẹ́fà

Nígbà tí èmi náà ṣì kéré, tí orí mi kò tíì ga ju tábìlì ẹ̀rọ ìránṣọ ìyá mi lọ, ìlú Onitsha ni à ń gbé. Tí ẹ bá gbọ́ bí mo ṣe ń sọ Igbo láàárín àwọn ẹgbẹ́ mi, ẹ ò ní gbà pé Yorùbá ni wá. Ṣùgbọ́n nínú ṣọ́ọ̀bù ìyá mi, lọ́nà Upper Iweka níbi tí ariwo mọ́tò kì í ti í dákẹ́, Yorùbá là ń sọ, pàápàá tí a bá ń ka nǹkan. Ìyá mi lè fi Igbo ná aṣọ, ó lè fi Pidgin bá dírẹ́bà jà, ṣùgbọ́n kò lè fi èdè ẹlòmíì ka inṣì. Ó ní òun ò fẹ́ gé aṣọ oníbàárà kúrú.

Mo rántí ọjọ́ kan tó ń rán ṣòkòtò fún ọmọ ilé ìwé márùn-ún. Rọ́bà ìbàdí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ inṣì méjìdínlógún, ó wá bi mí pé inṣì mélòó la máa gé lápapọ̀. Mo ń wá bébà kiri. Ó ní kí n gbé bébà jù sílẹ̀. Ó ní ṣé éjìdínlógún kì í ṣe ogún tí wọ́n yọ méjì kúrò nínú rẹ̀ ni, kí n ka ogún lẹ́ẹ̀màrún-ún. Mo ní ọgọ́rùn-ún. Ó ní méjì méjì tí mo fi kún un lẹ́ẹ̀màrún-ún ńkọ́. Mo ní mẹ́wàá. Ó ní kí n yọ ọ́ padà. Ọgọ́rùn-ún dín mẹ́wàá, àádọ́rùn-ún. Kí n tó pa ẹnu dé, àlùmọ́gàjí rẹ̀ ti wà lára rọ́bà.

Bí mo ṣe kọ́ ìṣirò nìyẹn, ẹ̀yin ọmọ mi. Mi ò mọ̀ pé ìṣirò ni. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ẹnu wa lásán ni.

Ọkùnrin kan wà ní Inland Town nígbà náà, Yorùbá bíi tiwa, tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Tí ilé ìwé bá ti jáde lọ́sàn-án, á kó ọmọ mẹ́fà péré jọ sínú pálọ̀ rẹ̀, á máa kọ́ wọn ní lẹ́sìnnì, ìṣirò nìkan. Ó ní tí ọmọ bá ti ju mẹ́fà lọ, òun ò ní lè máa rí ojú gbogbo wọn. Àwa ọmọ ń pè é ní Sà, ìyá mi ń pè é ní Bùrọ̀dá Tíṣà. Nígbà tí ìyá mi mú mi lọ bá a, Sà ní kò tọ́ kí wọ́n máa bẹ òun nítorí ọmọ ilé. Ọmọ ilé ló pè mí. Mo fi ọ̀rọ̀ náà pamọ́ sínú.

Mẹ́rin nínú wa jẹ́ ọmọ àwọn oníṣòwò Igbo. Èmi ni ìkarùn-ún. Ìkẹfà jẹ́ ọmọkùnrin kan tí mọ́tò ń gbé wá láti GRA. Bàbá rẹ̀ jẹ́ ọ̀gá ní báńkì kan, Yorùbá lòun náà, ṣùgbọ́n kì í jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ nínú ilé rẹ̀. Ọmọ náà mọ "ẹ kú", kò mọ ohun tó kàn. Kò burú lọ́mọ, ẹ má rò pé òun ni mò ń bá jà.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì tí mo débẹ̀, Sà kọ ọ̀kàndínlógún lọ́nà márùn-ún sójú pátákó. Àwọn yòókù ṣì ń fa ìlà sínú ìwé wọn nígbà tí mo ti nawọ́ sókè. Mo ní márùndínlọ́gọ́rùn-ún. Ó rò pé mo kàn méfò ni, ó fún mi ní òmíràn, mo gbà á. Ó fún mi ní ẹ̀kẹta. Nígbà tí àwọn yòókù lọ tán, ó dá mi dúró, ó bi mí bí mo ṣe ń ṣe é, mo bá sọ ọ̀rọ̀ ìyá mi àti rọ́bà ìbàdí fún un.

Sà jókòó sórí bẹ́ǹṣì wa, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní ìyá òun àgbà tó ń ta obì kò mọ ewé ìwé kan, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó lè yàn án jẹ nídìí obì, àti pé bó ṣe ń kà á gan-an nìyẹn. Ó ní láti ọjọ́ tí òun ti kúrò nílé, òun ò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni kà á bẹ́ẹ̀ mọ́. Òfin lẹ́sìnnì wa ni pé ọmọ gbọ́dọ̀ kọ gbogbo bó ṣe ṣe ìṣirò sílẹ̀, ìlà kan tẹ̀lé ìkejì. Sà yọ mí kúrò nínú òfin yẹn lọ́jọ́ náà. Ó ní, "Ìwọ, máa kọ ìdáhùn nìkan. Má da ara ẹ láàmú lórí ìyókù. Èmi mọ ohun tó wà lórí ẹ."

Ẹ wo bí inú mi ṣe dùn tó. Ọmọ télọ̀ ni mí, ọmọ tí bàbá rẹ̀ ti kú, àgbàlagbà kan sì sọ pé òun mọ ohun tó wà lórí mi. Odidi ọdún kan ni mo fi kọ ìdáhùn nìkan. Bí mo bá gbàgbé tí mo fa ìlà, Sà á rẹ́rìn-ín sí mi láti ibi pátákó, bíi pé àwa méjèèjì jọ mọ nǹkan kan tí àwọn yòókù kò mọ̀. A sì jọ mọ̀ ọ́n lóòótọ́.

Nígbà tí a dé kíláàsì kẹfà, ilé ìwé girama kan ní GRA ránṣẹ́ pé àwọn máa mú ọmọ kan ṣoṣo nínú lẹ́sìnnì Sà, ẹni tó bá gbégbá orókè nínú ìdánwò, àwọn á sì kọ́ ọ lọ́fẹ̀ẹ́ títí yóò fi jáde. Kì í ṣe pé bàbá ọmọ GRA kò lówó ilé ìwé. Orúkọ pé ọmọ òun ló gba ipò kìíní ló ń wá. Ní tèmi, ìyá mi kò fi bò fún mi. Ó ní tí n ò bá rí àyè yẹn gbà, ẹ̀rọ ìránṣọ ni màá jókòó tì. Ṣùgbọ́n ó dá a lójú pé màá rí i gbà. Ó ra aṣọ búlúù tí àwọn ọmọ ilé ìwé náà ń wọ̀, ó wọ̀n mí, ó sì gé e. Ẹ̀yin tó mọ iṣẹ́ télọ̀, ẹ mọ̀ pé aṣọ tí wọ́n bá ti gé, kò ṣe é dá padà fún ẹni tó tà á.

Ọ̀gá ilé ìwé náà fúnra rẹ̀ ló wá sí pálọ̀ Sà, obìnrin Igbo kan tí ara rẹ̀ balẹ̀. Ìbéèrè mẹ́wàá ló fún wa. Èmi ni mo kọ́kọ́ parí, ọmọ GRA ló jókòó tì mí. Mádàámù máàkì bébà wa níbẹ̀ lójú gbogbo wa. Àwa méjèèjì gba mẹ́wàá nínú mẹ́wàá. Ṣùgbọ́n bébà tirẹ̀ kún fún ìlà láti òkè délẹ̀. Tèmi, ìdáhùn mẹ́wàá lásán ló wà níbẹ̀.

Mádàámù fi Igbo bi mí ibi tí mo ti rí àwọn ìdáhùn náà. Kò pariwo mọ́ mi o. Mo ní orí mi ni. Ó ní báwo. Mo bá ṣàlàyé fún un pé nínú èdè tiwa, tí a bá ti pe ẹẹ́tàdínlógún, a ti pe ogún, a sì ti yọ ẹẹ́ta, ogún sì rọrùn láti kà. Ó ro ọ̀rọ̀ náà díẹ̀, ó wá yíjú sí Sà. Ó ní Sà náà ṣáà ti ilẹ̀ Yorùbá wá, ṣé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ka nǹkan lóòótọ́?

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo rẹ́rìn-ín. Mo rẹ́rìn-ín nítorí mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti parí. Ẹni tó mọ̀ ni wọ́n bi.

Sà ń nu ṣọ́ọ̀kì kúrò ní ìka rẹ̀, ìka kan tẹ̀lé ìkejì. Kò wojú mi. Ó fi Gẹ̀ẹ́sì sọ ọ́, ṣùgbọ́n bó ṣe wọlé sí mi létí nìyí: "Ọmọdé ló ń ṣe é, Mádàámù. Kò sí irú ẹ̀."

Obìnrin yẹn ṣì fún mi láàyè. Mi ò ní purọ́ mọ́ ọn, ó ṣe é dé ibi tó lè ṣe é dé. Ó ní ó dáa, ẹẹ́tàdínlógún lọ́nà mẹ́fà, kí n sọ ọ́ látorí mi. Ogún mẹ́fà, ọgọ́fà. Ẹẹ́ta lọ́nà mẹ́fà, éjìdínlógún. Yọ ọ́ kúrò, ó ku méjìlélọ́gọ́rùn-ún. Mo mọ̀ ọ́n lónìí, mo sì mọ̀ ọ́n kí n tó wọ pálọ̀ yẹn lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe lanu, mo ń wá ogún lórí mi, mi ò rí i. Ohun tí mo rí kò ju ìka Sà àti ṣọ́ọ̀kì lọ. Ó dúró dè mí. Gbogbo wọn dúró dè mí. Nígbà tí omi bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ lójú mi, ó ní "Nne, ó tó", ó sì kọ orúkọ ọmọ GRA sílẹ̀.

Ó dùn mí ju kí Sà nà mí lọ. Ká ní ó ní mo jí ìwé ẹlòmíì wò ni, ǹ bá jà. Ohun tó sọ ni pé ohun tí ìyá mi fún mi, tí ìyá tirẹ̀ àgbà fún un, kò sí láyé. Òun ló sì ní kí n má fa ìlà.

Ìyá mi lọ bá a ní ọjọ́ Sátidé. Mo jókòó ti ẹ̀rọ, mò ń retí pé yóò padà wá pẹ̀lú ìjà lẹ́nu. Ó dé, ó tú gèlè, ó jókòó. Ohun tó sọ ni pé, "Ó ní kí n máa fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ẹ."

Ó gbà á gbọ́ ni, ẹ gbọ́. Tíṣà ni, ó mọ̀wé, ìyá mi kò mọ̀wé. Láti ọjọ́ náà ló ti ń tiraka láti máa ka wan, tú, tírì lórí tábìlì, ọ̀sẹ̀ yẹn náà ló sì kọ́kọ́ gé aṣọ oníbàárà kúrú. Aṣọ búlúù tó ti gé fún mi, ó fi ṣe àpò sínú ṣòkòtò àwọn ọmọ ọlọ́mọ.

Kò pé oṣù mẹ́ta tí a fi gbọ́ pé Sà ti di òṣìṣẹ́ báńkì, lábẹ́ bàbá ọmọ GRA. Wọ́n ti ṣèlérí iṣẹ́ náà fún un kí ìdánwò tó dé. Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ náà ló wà. Àwọn kan á ní kí n dárí jì í, wọ́n á ní ebi ló ń pa á. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n mi ò tíì rí ebi tó ní kí ènìyàn sẹ́ ìyá rẹ̀ àgbà.

Ó tó ọdún mẹ́fà lẹ́yìn náà kí n tó tún rí i. Mo ti di télọ̀ nígbà náà. Gáréèjì Upper Iweka ni, mò ń dúró de ọkọ̀ tó ń lọ sílé, òun náà dúró níbẹ̀ pẹ̀lú táì lọ́rùn àti báàgì lọ́wọ́. Mo kúnlẹ̀ kí i, wọ́n kọ́ mi nílé. Ó wò mí títí, ó wá rọra béèrè bóyá mo ṣì ń kà á bíi ti ìgbà yẹn. Mo gbójú sókè, mo ní, "Irú ẹ̀ kò sí, sà."

Ó mi orí, ó sì lọ dúró síbòmíràn. Mo rò pé ọ̀rọ̀ náà yóò dùn lẹ́nu mi. Kò dùn. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún yín: ẹnu mi ló kù sí. Mo bí ọmọ mẹ́rin, mi ò ka ẹyọ nǹkan kan fún wọn ní Yorùbá rí. Mo ní kí ẹnikẹ́ni má bàa dójú tì wọ́n. Ohun tí Sà fi ẹnu ṣe lẹ́ẹ̀kan, mo fi odidi ọgbọ̀n ọdún ṣe é.

Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún báyìí tí mo ti ṣe ìdánwò yẹn. Ọmọbìnrin mi fẹ́ ọkọ sí Onitsha, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo wà ní GRA níbí, nítòsí ilé ìwé tí n ò lọ. Ayé ti yí. Àwọn ọmọ ò jókòó sórí bẹ́ǹṣì mọ́, àga oníke ni, fáànù ń fẹ́ sí wọn lórí, tí lẹ́sìnnì bá parí, tíṣà á fi máàkì wọn ránṣẹ́ sórí fóònù ìyá wọn. Igbo àti Pidgin ni ọmọ-ọmọ mi ń sọ. Yorùbá tirẹ̀ kò ju kó kí mi láàárọ̀ lọ. Tí mo bá lọ mú un ní lẹ́sìnnì, mo máa ń wò wọ́n láti ojú fèrèsé, ọmọ mẹ́fà, mẹ́fà gẹ́lẹ́, mo sì máa ń gbàdúrà pé kí ẹni tó dúró níwájú wọn jẹ́ ẹni tó lè wojú wọn nígbà tí wọ́n bá bi í ní òótọ́.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ọmọ-ọmọ mi yìí sáré wọlé wá bá mi. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni. Ó ní ọgbọ́n tuntun kan dé láti òkè òkun, Anti lẹ́sìnnì àwọn ló kọ́ àwọn. Ó ní, "Mama, seventeen times six no hard again. Make am twenty first. After, you go comot the three three."

Mo gbé aṣọ tí mò ń tún ṣe sílẹ̀. Mo bi í bóyá ó mọ ohun tí à ń pe seventeen ní Yorùbá. Kò mọ̀ ọ́n. Ẹ̀bi rẹ̀ kọ́. Mo sọ ọ́ fún un, mo sì já a sí wẹ́wẹ́ bí wọ́n ṣe já a fún mi: ẹẹ́ta, tó dín, nínú ogún. Ó tún un sọ, ó ní kí n sọ ọ̀kan àti éjì náà fún òun. Ìka rẹ̀ ń lọ. Ó ní éjìdínlógún fúnra rẹ̀, ó ní ọ̀kàndínlógún, ó wá wojú mi bíi pé mo ti fi nǹkan pamọ́ fún un láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i.

Ó ní, "Mama, so Yoruba get am since?"

Mo ní, "Ó wà."