Ẹni Tó Mọ Àárín Ìwé

Wọ́n ní ìfura loògùn àgbà. Èmi ti ń lo oògùn náà láti kékeré. Bàbá mi kì í ra àpò gààrí ní Mile 12 láì ti ọwọ́ bọ ìsàlẹ̀ rẹ̀, ó ní òkè àpò ni wọ́n máa ń ṣe lẹ́wà fún oníbàárà. Nígbà tí mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sí sáíbà ní Kétu, lásìkò tó jẹ́ pé olówó ló ń ní kọ̀ǹpútà nílé, ìfura yẹn náà ni mo mú wọlé. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sára ògiri ibẹ̀ pé ẹni tí ọwọ́ bá tẹ̀ níbi tó ti ń lu jìbìtì, ọlọ́pàá ni wọ́n máa fà á lé lọ́wọ́. Abẹ́ ìkìlọ̀ yẹn gan-an làwọn tó ń lù ú jókòó sí.

Ní tèmi, ìwé ló gbé mi débẹ̀. Àwa òǹkàwé kan ní ibi tá a ti ń pàdé lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kálukú pẹ̀lú orúkọ tó fún ara rẹ̀, kò sẹ́ni tó mọ ojú ẹnì kejì. A máa ń sọ ìwé tó dùn fún ara wa, a sì máa ń bú èyí tó fi owó wa ṣòfò. Apá kan wà níbẹ̀ fún àwọn ìwé tí kò tíì jáde, tí gbogbo wa ń retí bí ọmọdé ṣe ń retí Iléyá.

Apá yẹn lẹnì kan ti bẹ̀rẹ̀ sí í dá mi láàmú. Ìwé tí kò tíì sí nílé ìtàwé kankan, ó ti mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ó ròyìn fún wa bí obìnrin kan ṣe bá orogún rẹ̀ jà nídìí kànga, títí dórí ọ̀rọ̀ tí orogún náà sọ kó tó gbé garawa. Nígbà tí ìwé náà jáde, mo rà á, mo sì bá ìjà náà níbẹ̀ láìyẹ̀. Inú àwọn yòókù dùn, wọ́n ń pè é ní ọ̀gá. Èmi ò lè sùn dáadáa. Báwo ló ṣe mọ̀?

Mo padà ka gbogbo ohun tó ti kọ láti ìbẹ̀rẹ̀, mo sì rí nǹkan kan. Kò sọ bí ìtàn kankan ṣe bẹ̀rẹ̀ rí. Kò sọ bó ṣe parí rí. Àárín ṣáá ni. Mo bá dá ẹjọ́ náà fúnra mi: àwọn tó ń ta ìwé ló bẹ̀ ẹ́ lọ́wẹ̀, wọ́n ń já díẹ̀ nínú ìwé fún un kó máa fi fa ojú wa mọ́ra. Mo kọ ọ́ síbi tí gbogbo èèyàn ti máa rí i: “Ìwé tó o yìn lọ́sẹ̀ tó kọjá, báwo ló ṣe bẹ̀rẹ̀? Báwo ló ṣe parí?”

Lẹ́yìn ọjọ́ méjì, ó dáhùn, ó ní, “Mi ò mọ̀. Àárín rẹ̀ nìkan ni mo rí.”

Wọ́n fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí. Mo pè é ní ọmọ jìbìtì, àwọn yòókù sì gbè mí lẹ́yìn. Kò kọ nǹkan kan mọ́ láti ọjọ́ náà. Inú mi dùn gan-an, kí n má parọ́.

Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, wọ́n mú iná lọ, jẹnẹrétọ̀ sáíbà náà sì kọ̀ láti ṣiṣẹ́. Mo jáde, mo ra ẹ̀pà lọ́wọ́ obìnrin kan tó pàtẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Bí mo ṣe jẹ ẹ́ tán, mo tú bébà tó fi dì í. Orúkọ ìwé kan wà lókè rẹ̀, ọ̀kan lára àwọn tá a ṣì ń retí.

“Ẹ jọ̀ọ́ mà, níbo lẹ ti rí bébà yìí?”

“Àwọn tó ń kó bébà tó bá bàjẹ́ níbi ìtẹ̀wé ní Ṣómólú ló ń tà á fún wa. Ṣé ó dọ̀tí ni, Aunty? Ẹ jẹ́ n fún yín ní òmíì.”

“Rárá mà. Ṣé ẹ máa ń kà á ni?”

Ó rẹ́rìn-ín ìtìjú. “Mo máa ń kà á kí n tó fi di ẹ̀pà. Àárín ẹ̀ nìkan ló ṣáà máa ń dé ọwọ́ mi. Ọ̀gá sáíbà máa ń jẹ́ kí n lo kọ̀ǹpútà kan láàárọ̀ kí kọ́sítọ́mà tó dé, mo wá máa ń sọ ọ́ fáwọn kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì tó fẹ́ràn ìwé. Àfi bí wọ́n ṣe ní ọmọ jìbìtì ni mí.”

“Kí ló dé tẹ́ ò ṣàlàyé fún wọn?”

“Kí n ní inú bébà ẹ̀pà ni mo ti ń kàwé? Wọ́n ṣáà ń pè mí ní ọ̀gá, Aunty. Ibẹ̀ nìkan ni wọ́n ti ń pè mí bẹ́ẹ̀.”

Mo bi í pé ta ló pè é ní ọmọ jìbìtì. Mi ò mọ ohun tó mú mi béèrè; bóyá mo ń retí kó dárúkọ ẹlòmíì. Orúkọ tí mò ń jẹ́ níbẹ̀ ló pè, kò ṣì í.

“Ṣé ẹ mọ̀ ọ́n ni?”

Mo ní mi ò mọ̀ ọ́n. Ó gbà mí gbọ́ lójú ẹsẹ̀, ó sì bu ẹ̀pà díẹ̀ sí mi lọ́wọ́.