Èyí Tí Wọ́n Ní Ó Lọ sí Èkó

Ní Ìgbó-Ọrà, bí obìnrin bá bí ìbejì, wọ́n á kí i, wọ́n á ṣàdúrà fún un, lẹ́yìn náà kálukú á padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀. Kí ló kù tí wọn ò tíì rí? Ilé tó wà lápá ọ̀tún wa ní ìbejì, èyí tó wà lápá òsì náà ní. Bí àlejò bá béèrè ohun tó ń fà á, wọ́n á ní ọbẹ̀ ìlasa ni, wọ́n á sì bu sí i fún un kí òun náà lọ gbìyànjú. Èmi tí mo ti Èrúwà wá fẹ́ ọkọ síbẹ̀, tí mo ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké níwèé, mi ò ka ìlasa sí nǹkan kan títí mo fi bí ọkùnrin méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti di Ìyá Ìbejì. Àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi ń pè mí bẹ́ẹ̀, aráàlú ń pè mí bẹ́ẹ̀, ẹnu ìyá ọkọ mi ló sì dùn mọ́ jù.

Wọn ò tíì tó ọmọ ọdún mẹ́rin nígbà tí èéyi wọ àdúgbò wa. Ìgbà ọyẹ́ ni, eruku bo gbogbo nǹkan. Ara àwọn méjèèjì kọ́kọ́ gbóná, ojú wọn pọ́n, lẹ́yìn náà ara wọn sú wìnnìwìnnì. Èyí tó kọ́kọ́ wáyé bọ́ nínú rẹ̀. Èyí tó tẹ̀lé e kò bọ́.

Ìyá ọkọ mi ló gbà á lápá mi. Obìnrin tí ohùn rẹ̀ máa ń dé òpin àdúgbò ni, tí kì í dákẹ́ bó bá ń yan gàrí, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà ohùn rẹ̀ wálẹ̀ gan-an. Ó ní, “Ìyá Ìbejì, wò mí. O ò gbọdọ̀ sunkún o. Bí o bá sunkún, èyí tó kù á gbọ́, á sì tẹ̀ lé e. Ó ti lọ sí Èkó. Ohun tí gbogbo wa á máa wí nìyẹn.”

Mo mọ àṣà náà tẹ́lẹ̀. Ní Èrúwà náà, a kì í sọ pé ìbejì kú. Ṣùgbọ́n kéèyàn mọ àṣà yàtọ̀ sí kí wọ́n fi dí i lẹ́nu. Àwọn ọkùnrin ilé gbé ọmọ lọ, wọ́n kírun sí i lára, wọ́n padà dé, wọ́n fọ ẹsẹ̀ wọn. Àwọn obìnrin wá kí mi, wọ́n ń ní, “Omi ló dànù, agbè ò fọ́.” Mo ń dáhùn pé àmín. Nínú mi, mo ń bi wọ́n pé agbè wo? Èmi ni agbè náà, mo sì mọ̀ pé mo ti sán.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé torí mo kàwé mi ò ní gbà á gbọ́. Mo gbà á gbọ́ o. Ọmọ kan ló ṣẹ́kù, ta ni yóò fi omijé ara rẹ̀ dán ikú wò? Bí ẹkún bá ti dé ọ̀nà ọ̀fun mi, mo máa ń gbé e mì. Bí mo bá gbọ́ tí ọmọ mi ń sín, jìnnìjìnnì á bò mí, màá máa ronú bóyá omi ti bọ́ lójú mi láìmọ̀. Ọkọ mi tí í ṣe akọ̀wé ní ìjọba ìbílẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sóko lẹ́yìn iṣẹ́, àní nígbà tí kò sí ohun tó fẹ́ ṣe níbẹ̀. Bóyá ibẹ̀ ló ti ń sun ẹkún tirẹ̀, mi ò mọ̀. Kò sọ fún mi rí.

Wọ́n ní kí n tètè padà sẹ́nu iṣẹ́, pé iṣẹ́ á jẹ́ kí n gbàgbé. Mo padà. Ara ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ tẹnu rẹ̀. Àárín orí mi ń gbóná bíi pé wọ́n gbé ìkòkò láfún tó ń hó lé e. Nǹkan ń rìn nínú rẹ̀ bí èèrà. Mo lè máa kọ gbólóhùn kan sójú pátákó, kí n dé àárín rẹ̀, kí n má rántí ohun tí mo fẹ́ kọ. Màá dúró pẹ̀lú ẹfun lọ́wọ́, àwọn ọmọ á máa wò mí, àwọn tó gbọ́n nínú wọn á máa parí rẹ̀ fún mi. Oúnjẹ ò lọ. Oorun ò wá. Aṣọ tí mo wọ̀ lánàá ni màá tún wọ̀ lónìí, èmi tí wọ́n máa ń fi oge ṣíṣe yọ lẹ́nu.

Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ wa ní ọ̀lẹ ti wọ̀ mí lẹ́wù. Àwọn òbí kan wá gba ọmọ wọn kúrò ní kíláàsì mi. Wọn ò sọ ìdí, ṣùgbọ́n ẹnu ò ní ìlẹ̀kùn: wọ́n ń sọ ọ́ nídìí omi pé orí mi ti ń yí. Ìyẹn bà mí lẹ́rù ju ẹ̀fọ́rí lọ. Nílùú wa, wọ́n lè bá ẹni tí ibà mú kẹ́dùn, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti pe èèyàn ní wèrè lẹ́ẹ̀kan, kódà bó gbádùn tán, wọ́n á ṣì máa wo ẹsẹ̀ rẹ̀ bóyá ó wọ bàtà.

Ìyá ọkọ mi rí i pé mo ń rù. Ó fẹ́ràn mi, mi ò lè purọ́ mọ́ ọn. Ó ronú títí, ó wá rí ohun tó rò pé yóò tù mí nínú. Ó wẹ̀ fún ọmọ tó kù, ó wọ aṣọ Iléyá fún un, ó mú un lọ sọ́dọ̀ onífótò. Onífótò ò béèrè àlàyé. Iṣẹ́ tó ti ń ṣe fún ọ̀pọ̀ ilé ni. Ó ya ọmọ kan ṣoṣo náà, ó wá tẹ àwòrán rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì sórí bébà kan, títí ó fi dà bíi pé ọmọ méjì ló jókòó ti ara wọn. Wọ́n kọ́ ọ sí pálọ̀. Nígbà tí mo ti ilé ìwé dé, gbogbo ilé ti péjọ.

“Ìyá Ìbejì, wá wò wọ́n! Wọ́n mà jọra o!”

Mo wò wọ́n. Bọ́tìnnì kan náà ló já lọ́rùn aṣọ àwọn méjèèjì. Èyí tó lọ ní àmì dúdú kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ imú, mo máa ń fi ìka kàn án bí mo bá ń fún un lọ́mú. Kò sí nínú àwòrán. Inú bí mi gan-an. Mo ní, “Ẹ ṣé, Màmá.” Mo kúnlẹ̀, mo tún dúpẹ́.

Àfi bíi pé àwòrán yẹn ló wá ṣílẹ̀kùn Èkó fún mi. Mo mọ̀ pé ọmọ mi ti kú. Mi ò sínwín. Síbẹ̀ mo bẹ̀rẹ̀ sí í ronú nípa ẹni tó ń wẹ̀ fún un níbẹ̀. Ṣé wọ́n mọ̀ pé kì í jẹ ata? Lọ́jọ́ kan, nígbà ìsinmi ráńpẹ́ nílé ìwé, tí àwọn ọmọ ń ṣeré lábẹ́ máńgòrò, mo rí ara mi ní gáréèjì. Agbèrò ń pe “Èkó, Èkó, ó ku ẹnì kan!” Mo wọlé, mo jókòó.

Awakọ̀ bi mí pé, “Màmá, ibo lẹ máa bọ́ọ́lẹ̀ sí l'Ékòó?”

Mo ní, “Mi ò mọ̀. Ọmọ mi ni mo fẹ́ lọ mú.”

Ọkùnrin kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Ìyá àgbàlagbà kan jókòó tì mí, ará Ìdèrè ni, ó gbé agbọ̀n ata lé ẹsẹ̀. Ó wo ẹfun tó wà lọ́wọ́ mi, ó wo sálúbàtà tí mo wọ̀, ọ̀tọ̀ ni ti ọ̀tún, ọ̀tọ̀ ni ti òsì. Ó rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní, “Ọmọ mi, ṣé ìbejì lo bí?”

Mo ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá.”

Kò béèrè nǹkan mìíràn. Ó dì mí lọ́wọ́ mú, ó ní kí awakọ̀ ṣílẹ̀kùn. Agbèrò ń bú wa, a sọ̀ kalẹ̀. Ó sọ agbọ̀n ata rẹ̀ kalẹ̀ sọ́dọ̀ oníbúrẹ́dì, ọkọ̀ tó ti wọ̀ sì gbéra láìsí i níbẹ̀. Kò mú mi lọ sílé. Ọsibítù ló mú mi lọ.

Dókítà náà jẹ́ ọ̀dọ́mọbìnrin, kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ wa, ó kàn gbọ́ Yorùbá ni, bóyá ìdí nìyẹn tí kò fi mọ ohun tí a kì í wí. Mo sọ pé orí mi ń gbóná. Ó yẹ̀ mí wò, kò rí ibà. Ó béèrè ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ àti ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà náà. Ìyá ará Ìdèrè bá mi dáhùn pé ọmọ mi kan lọ sí Èkó.

Dókítà ní, “Ṣé ó kú ni?”

Ìyá náà fi ọwọ́ bo ẹnu. Èmi ní, “Ó kú.” Ìgbà àkọ́kọ́ tí ọ̀rọ̀ náà jáde lẹ́nu mi nìyẹn. Dókítà béèrè bóyá mo ti sunkún. Mo ní a kì í sunkún ìbejì. Ó ní àìsàn ló ń ṣe mí, pé ìbànújẹ́ tí kò rí ọ̀nà jáde lè wọ ara, ó sì lè mú orí gbóná. Ó ní kì í ṣe wèrè, kì í sì í ṣe ọ̀lẹ. Ó fún mi ní oògùn tó ń mú ẹnu gbẹ, ó ní kí n máa padà wá bá òun sọ̀rọ̀. Mo ń lọ. Oorun bẹ̀rẹ̀ sí í wá. Ó pẹ́ o, ṣùgbọ́n ó dọjọ́ kan tí mo kọ gbólóhùn kan lójú pátákó, tí mo sì parí rẹ̀ fúnra mi.

Ẹkún nìkan ni kò wá. Dókítà lè sọ ohun tó bá fẹ́. Òun kọ́ ló bí èyí tó kù.

Ọmọ yẹn dàgbà, ó bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mò ń ṣa ẹ̀wà lẹ́yìnkùlé, ó dé, ó ju báàgì rẹ̀ sílẹ̀, ó dúró síwájú mi. Àwọn ọmọ ìdílé kan ti Èkó dé wá ṣe ọdún.

Ó ní, “Màámi, èmi ò fẹ́ràn ẹ̀ mọ́.”

“Ta ni?”

“Ẹnìkejì mi. Gbogbo ará Èkó ló ń wálé. Kí ni mo ṣe fún un tí kò fẹ́ rí mi?”

Ọjọ́ mélòó ló ti fi ń ro èyí? Ọmọ mi rò pé wọ́n kọ òun sílẹ̀ ni. Mo gbé ẹ̀wà kúrò lẹ́sẹ̀ mi. Mo ní, “Kò kọ̀ ọ́. Kò sí ní Èkó. Ó kú. Èéyi ló pa á, ẹ jọ ṣàìsàn ni. Ká ní ó wà láyé ni, ì bá ti wálé.” Bí mo ṣe wí bẹ́ẹ̀, ẹkún tó ti ń dúró láti ọdún wọ̀nyí já. Mo ké. Mo ké débi pé àwọn adìẹ fò kúrò lẹ́yìnkùlé.

Ìyá ọkọ mi sáré jáde pẹ̀lú igbá lọ́wọ́. “Ẹnu ẹ! Ìyá Ìbejì, ẹnu ẹ! Ṣé o fẹ́ pa á ni?” Ó gba ọmọ lọ́wọ́ mi, ó gbé e wọ yàrá rẹ̀, ó ti ìlẹ̀kùn. Mo ń gbọ́ àdúrà rẹ̀ láti ibi tí mo wà. Ẹ̀rù bà mí gan-an. Ṣùgbọ́n ẹkún náà kò gbọ́ tèmi mọ́.

Ilẹ̀ mọ́. Ìlẹ̀kùn Màmá ṣí, ọmọ náà jáde, ó ń ra ojú. Ó ní ebi ń pa òun, pé dòdò lòun fẹ́.

Mo gbé epo kaná, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gé ọ̀gẹ̀dẹ̀. Omi tún ń bọ́ lójú mi, mi ò ríran. Ìyá ọkọ mi dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ó wo ọmọ, ó wò mí. Ojú tirẹ̀ náà ti wú. Ó wọlé, ó gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ mi.

Ó ní, “Jẹ́ kí èmi dín in. Ìwọ sunkún ẹ.”