Nonprofit Tiwa, Nonprofit Tiwọn

Kòrónà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kásẹ̀ nílẹ̀ ni, a ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ́ ìbòmú sílẹ̀, nígbà tí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀ ní Calgary. Mo ń kọ ọ́ fún ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ ń fi fóònù kó orúkọ jọ lónìí, tí ẹ rò pé bí orúkọ bá ti pọ̀ lórí ìwé, ìjà ti parí nìyẹn. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀ rí. Kí n tó dé Canada, ọdún mọ́kànlá ni mo fi ṣe akọ̀wé ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń hun aṣọ ní Ìkẹjà. Mo ti bá máníjà jà, mo ti sá fún tajútajú àwọn ọlọ́pàá. Kò sí èyí tó dùn mí tó ti Calgary, torí pé ẹni tó dà mí níbẹ̀ kì í ṣe máníjà, kì í sì í ṣe ọlọ́pàá.

Ẹgbẹ́ wa, ẹgbẹ́ àwa Mùsùlùmí ọmọ Yorùbá, ní gbọ̀ngán kékeré kan ní Abbeydale. Ilé náà kò rẹwà. Òrùlé rẹ̀ máa ń jò tí snow bá ń yọ́, hítà rẹ̀ sì máa ń pariwo débi pé ìmáàmù á fẹ́rẹ̀ẹ́ máa figbe kírun. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ làwọn ọmọ wa ti ń kọ́ kéú àti Yorùbá ní Sátidé, ibẹ̀ sì ni màmá mi, Alhaja Àwáwù, ti rí ẹni bá sọ̀rọ̀ nígbà tí mo mú wọn wá láti Ìbàdàn. Kí wọ́n tó mọ ibẹ̀, ojú fèrèsé ilé wa ní Pineridge ni wọ́n máa ń jókòó sí láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Wọ́n á máa bi mí pé ṣé àwọn ará àdúgbò ti kó lọ ni.

Nonprofit ni ẹgbẹ́ wa lórí ìwé, ìyẹn ni pé a kò dá a sílẹ̀ láti fi jèrè. Nítorí ìyẹn, a kì í san owó orí lórí gbọ̀ngán náà. Lọ́dún yẹn ni lẹ́tà dé láti ọ̀dọ̀ ìjọba ìlú pé ìyẹn ti dópin: àwọn èèyàn ìran kan ṣoṣo ló ń lo ilé náà, kì í ṣe gbogbo ará ìlú, torí náà ká máa san bíi gbogbo onílé. Awakọ̀, olùtọ́jú aláìsàn àti àwọn tó ń gbálẹ̀ ló pọ̀ jù nínú wa. Gbogbo wa la mọ̀ pé tí a bá gba lẹ́tà yẹn bẹ́ẹ̀, a máa ta ilé náà ni.

Ilé ìwòsàn ní Seton ni mo ti ń ṣiṣẹ́, mò ń wẹ àwọn aláìsàn, mò ń gbé wọn dìde. Darlene, obìnrin òyìnbó tó jẹ́ aṣojú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ wa níbẹ̀, ló bá mi ka lẹ́tà náà lákòókò ìsinmi. Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀rín ayọ̀.

“You know who doesn't pay a cent on their building?” ó ní. “The league.”

Líìgì họ́kì kan ni, àjọ tó ń darí ìdíje eré orí yìnyín, tó ní ọ́fíìsì onígíláàsì láàárín ìlú. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Àwọn tó ni àwọn kíláàbù inú rẹ̀, bàálù tara wọn ni wọ́n ń wọ̀ rìn. Ṣùgbọ́n lórí ìwé, nonprofit ni líìgì náà, gẹ́gẹ́ bíi tiwa. Darlene ṣàlàyé fún mi ọgbọ́n tí wọ́n ń ta: owó tẹlifíṣọ̀n tó bá wọlé, líìgì á pín in fún àwọn kíláàbù, á wá sọ pé kò sí èrè kankan lọ́wọ́ òun. Inú bí mi débi pé mo dá ìdérí padà sórí ìrẹsì mi, mi ò lè jẹun mọ́.

Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ àti ẹgbẹ́ wa jọ kọ̀wé sí ìgbìmọ̀ tó ń gbọ́ ẹjọ́ owó orí ilé: kí líìgì olówó máa san tirẹ̀, kí wọ́n sì fi gbọ̀ngán wa sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n Mufú, ààrẹ ẹgbẹ́ wa, fọwọ́ sí i níṣojú mi. Ẹnjiníà ni wọ́n ní ilé iṣẹ́ epo. Àwọn ni wọ́n wá gbé mi ní airport ní ọjọ́ tí mo dé. Inú basement wọn ni èmi àti Ràṣídá ọmọ mi gbé ní winter wa àkọ́kọ́, wọn ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi. Nígbà tí PR mi, ìwé àṣẹ ìgbélùú, jáde, àwọn ni mo kọ́kọ́ pè, kí n tó pe ìyá tó bí mi.

“Sìdí, you have my full support,” wọ́n ní. “Ẹ máa lọ, mo wà lẹ́yìn yín gbágbáágbá.”

Èmi ni wọ́n ní kí n ṣàlàyé ọ̀rọ̀ náà fún àwọn àgbà. Ibẹ̀ ni mo ti ṣe àṣìṣe tèmi, mi ò sì ní fi pamọ́. Mo sọ fún wọn pé ẹgbẹ́ tí kì í jèrè ni nonprofit. Màmá mi nawọ́ sókè.

“Ta wá ni ń jẹ èrè ọ̀hún?”

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Ìbéèrè yẹn gan-an ló yẹ kí n dúró dáhùn, torí pé inú rẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ líìgì wà. Ṣùgbọ́n mò ń kánjú, mo fẹ́ ohun tó máa rọrùn lẹ́nu. Mo ní, “Màmá, ẹ ṣáà mọ̀ pé nonprofit ló jẹ́ ká ní ilé yìí. Wọ́n fẹ́ gbà á lọ́wọ́ wa, a ò sì ní gbà.” Mo kọ́ wọn ní ohun tí wọ́n á máa ké, “Nonprofit wa, a ò fi sílẹ̀!” wọ́n sì mọ̀ ọ́n sórí kí wọ́n tó jẹ sàárà tán.

Ní Sátidé kan, a lọ dúró síwájú ọ́fíìsì líìgì. Òtútù yẹn ń géni létí. Màmá mi wọ jákẹ́ẹ̀tì mi sórí ìró méjì, wọ́n ń ké ju àwọn ọ̀dọ́ lọ. Darlene kò gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n ó ń bá wọn ké e. Inú mi dùn lọ́jọ́ yẹn bí ìgbà tí a dá iṣẹ́ sílẹ̀ ní Ìkẹjà. Ẹ̀gbọ́n Mufú kò wá. Wọ́n tẹ àtẹ̀jíṣẹ́ sí mi pé iṣẹ́ ló dá wọn dúró, wọ́n sì kí mi kú iṣẹ́.

Ọjọ́ Wẹ́sìdé ni ìgbìmọ̀ pè wá. Àwọn aṣojú ẹgbẹ́ méjèèjì sọ tẹnu wọn, mo sì rí i pé obìnrin tó jẹ́ alága ń kọ ọ̀rọ̀ wa sílẹ̀. Ó wá kan lọ́yà líìgì. Ó bọ̀wọ̀ fún gbogbo èèyàn, kò gbé ohùn sókè. Ó ní òun ní lẹ́tà kan láti ọ̀dọ̀ àwọn tó wà ní ìdí ọ̀rọ̀ náà gan-an.

“We are a nonprofit,” ó ń kà. “The league is a nonprofit. We ask that nonprofits be left alone.”

Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí pe orúkọ, ó ń pè wọ́n ní ìpèkúpè. Alhaji Rájí. Ìyá Sùbérù. Alhaja Àwáwù. Orúkọ màmá mi nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n Mufú ló fọwọ́ sí i kẹ́yìn, gẹ́gẹ́ bí ààrẹ. Mo dìde láìgba àṣẹ.

“That's not what they meant!”

“Ma'am, are these your members?” alága bi mí.

“Yes.”

“And is that your president?”

“Yes, but—”

“Then I'm not sure what you're asking us to do.”

Mo jókòó. Darlene ń kó ìwé rẹ̀ sínú àpò. Ì bá kúkú bú mi.

Ẹ̀gbọ́n Mufú wà níbẹ̀, lórí àga tó gbẹ̀yìn. Mo bá wọn níbi tí a gbé ọkọ̀ sí.

“Sìdí, fara balẹ̀,” wọ́n ní. “A ò lè win ẹjọ́ yẹn. These people have ten lawyers. Wọ́n pè mí, wọ́n ní àwọn á máa bá wa san owó orí gbọ̀ngán lọ́dọọdún, tí a bá ti lè kọ lẹ́tà. Mo gba ilé yẹn sílẹ̀. Ṣé kí ìyá ẹ padà sójú fèrèsé ni?”

“Kí lẹ sọ fún àwọn àgbà tí wọ́n fi fọwọ́ sí i?”

Wọ́n wo ilẹ̀. “Mo ní ìwé náà ni kò ní jẹ́ kí wọ́n gba nonprofit lọ́wọ́ wa. That's what you people were shouting, àbí?”

Mi ò mọ ìgbà tí ó jáde lẹ́nu mi. Mo ní, “O tà wá. Ìwọ Mufú, o tà wá.” Ọdún mẹ́jọ tí mo ti mọ̀ wọ́n, “ẹ” ni mò ń sọ. Àwọn méjì nínú ẹgbẹ́ wa tó ń bọ̀ lẹ́yìn gbọ́ ọ, wọ́n sì di orí mú.

Nígbà tí mo délé, mo bi màmá mi bóyá wọ́n fọwọ́ sí ìwé kan. Ràṣídá ló kọ́kọ́ dáhùn láti yàrá rẹ̀: “Everybody signed it, Mum. Sunday, at the hall. You were at work.”

Ojú màmá mi ń dán. “Èmi ni ẹni kẹta tó fọwọ́ sí i,” wọ́n ní. “Mufú ní kí wọ́n má bàa gba nonprofit wa ni. Ṣé o rí i pé mo gbọ́ ẹ̀kọ́ rẹ dáadáa?”

Mo ní, “Ẹ ṣeun, Màmá.” Mo wọ ilé ìwẹ̀, mo ṣí omi kí wọ́n má bàa gbọ́ ẹkún mi.

Ìgbìmọ̀ fi líìgì sílẹ̀ bó ṣe wà, wọ́n sì ní kí àwa máa san. Líìgì bẹ̀rẹ̀ sí í san tiwa. Wọ́n kan àmì wọn mọ́ ara ògiri gbọ̀ngán, lọ́dọọdún ni wọ́n sì ń fi ẹ̀wù họ́kì wọ àwọn ọmọ wa ya fọ́tò, láti fi hàn pé iṣẹ́ àánú làwọn ń ṣe. Owó orí tí wọn ò san lórí ilé tiwọn, wọ́n ń bù bíńtín nínú rẹ̀ san tiwa, a sì ń kọ lẹ́tà ìdúpẹ́.

Ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn náà, àwọn àgbà pè mí sí ìpàdé. Kì í ṣe ẹjọ́ lẹ́tà ni wọ́n pè mí sí. Ẹjọ́ “o” ni.

“Sìdíkátù,” Alhaji Rájí ní, “a gbọ́ pé o wo ojú Mufú, o sì sọ̀rọ̀ sí i bí ẹlẹgbẹ́ rẹ. Ẹni tó gbà ọ́ sílé. Ṣé bí a ṣe kọ́ ọ nìyẹn?”

Mo lè ṣàlàyé. Gbogbo rẹ̀ ti wà lẹ́nu mi. Ṣùgbọ́n kí n tó lè sọ ohun tí Ẹ̀gbọ́n Mufú ṣe, mo gbọ́dọ̀ sọ ohun tí wọ́n fi ọwọ́ àwọn àgbà wọ̀nyí ṣe, pé orúkọ tiwọn gan-an ni wọ́n fi da ẹjọ́ wa nù. Mo wo màmá mi tó ń fi ojú bẹ̀ mí. Mo kúnlẹ̀ síwájú Ẹ̀gbọ́n Mufú. Mo ní, “Ẹ má bínú, Ẹ̀gbọ́n.” Wọ́n ní kí n dìde, wọ́n ní ó ti tán, we are family. Wọn ò lè wo ojú mi.

Ẹ ó bi mí pé kí la jẹ níbẹ̀. Ilé náà ṣì wà, màmá mi ṣì ń rí ẹni bá sọ̀rọ̀, mi ò sì ní purọ́ pé ìyẹn kéré. A pàdánù Darlene. Ó ń kí mi ní Seton, àmọ́ kò tún bá wa kọ̀wé pọ̀ mọ́, mi ò sì dá a lẹ́bi. Líìgì ṣì jẹ́ nonprofit títí di òní. Ó ku òótọ́ tí a kò tíì sọ fún àwọn tó fọwọ́ sí ìwé yẹn. Ẹ̀gbọ́n Mufú jẹ wọ́n ní i, èmi náà sì jẹ wọ́n, torí pé ọ̀rọ̀ tí mo fi sí wọn lẹ́nu ni wọ́n fi mú wọn. Alhaji Rájí ti kú kí n tó san án. Màmá mi ti lé ní ọgọ́rin ọdún, wọn ò sì mọ̀wé kà. Mo ti kọ ọ́ tán báyìí. Wọ́n wà ní pálọ̀, wọ́n ń bi mí pé kí ni mò ń kọ láti àárọ̀.