Àwọ̀n Jésùtófúnmi àti Omi Òkun Bàbá Olówòkéré

Láti kékeré ni Jésùtófúnmi ti ń yọ bàbá rẹ̀ lẹ́nu. Bí Bàbá Olówòkéré bá jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé wọn ní Awoye létí òkun, tó ń hun àwọ̀n, ọmọ náà á rọra so etí àwọ̀n mọ́ ẹsẹ̀ àga. Bàbá á dìde, àga á tẹ̀ lé e, ọmọ á sì fi ẹ̀rín pa ara rẹ̀.

"Ẹni tó máa fẹ́ ọ yìí á jìyà!" Bàbá á wí bẹ́ẹ̀ tán, òun náà á bú sẹ́rìn-ín.

Àwọ̀n yẹn ni bàbá fi rán an nílé ìwé. Ọdún tí ọmọ ríṣẹ́ sílé ìwádìí ní yunifásítì gan-an ni epo ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi gbiná mọ́ bàbá lọ́wọ́ ọ̀tún. Egbò jinná, àmọ́ àpá rẹ̀ súnkì, ó fa ìka márààrún wọnú àtẹ́lẹwọ́, wọn ò sì ṣí mọ́. Ẹni tó ń hun àwọ̀n, tí ọwọ́ rẹ̀ ò ṣí, kí ló kù fún un?

Ni Jésùtófúnmi náà bá bẹ̀rẹ̀ sí í hun àwọ̀n. Ẹ̀rọ ló fi ń hun tirẹ̀: ẹ̀rọ náà á yọ́ nǹkan kan bí ọ̀rá, á fà á ní fọ́nrán tó tín-ín-rín ju irun orí lọ, á sì tò ó níbùú lóròó. Orí fọ́nrán yẹn ni sẹ́ẹ̀lì, àwọn ẹyọ kéékèèké tó para pọ̀ di ara èèyàn, máa ń gbà rìn, tí wọ́n á fi dì mọ́ra di awọ. Bí ojú àwọ̀n bá fẹ̀ jù, wọ́n á já bọ́. Bó bá há jù, wọn ò ní ráyè wọlé. Ẹ̀ẹ̀mẹtàdínlógún ló tún un ṣe. Wọ́n mú awọ díẹ̀ ní itan bàbá, wọ́n fi sẹ́ẹ̀lì inú rẹ̀ sórí àwọ̀n náà. Nígbà tó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, awọ tuntun ti bò ó. Dókítà Báyọ̀, oníṣẹ́ abẹ, máa la àpá ọwọ́ náà, á sì fi èyí bo ojú ibẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni ilé ìwòsàn gbà kí wọ́n dán an wò lára aláìsàn kọ̀ọ̀kan.

"Àwọ̀n yín ti wà nílẹ̀ o," ó fi bàbá ṣe yẹ̀yẹ́ lórí fóònù. "Ó ku kí ẹ wá tẹ̀ ẹ́ bọmi!"

"Ojú rẹ̀ ńkọ́?"

"Kò tó ojú abẹ́rẹ́."

"Ó há jù! Irú àwọ̀n wo nìyẹn?"

Ní Awoye, kò sí àwọ̀n tuntun tó ń ṣiṣẹ́ láìjẹ́ pé ẹni tó ni ín kọ́kọ́ fọwọ́ ara rẹ̀ tẹ̀ ẹ́ bọ omi òkun. Jésùtófúnmi mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àwàdà ló ń ṣe.

Láàárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ abẹ, ó gbé abọ́ onídérí tí awọ náà wà nínú rẹ̀ sórí tábìlì ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì bàbá ní ilé ìwòsàn. "Ẹ wò ó o. Ẹ má fọwọ́ kàn án, ọ̀gá alágídí!" Ó jáde lọ pe nọ́ọ̀sì.

Nígbà tó fi máa padà, abọ́ ti ṣí. Ike omi tó ti ṣófo wà lọ́wọ́ òsì bàbá, ẹ̀rín sì kún ẹnu rẹ̀.

"Mo ti bá ọ ṣe èyí tó kù. Omi òkun Awoye gan-an, àná ni mo bù ú."

Ẹyọ iyanrìn mẹ́ta, mẹ́rin ti dúró sórí awọ náà. Dókítà Báyọ̀ wò ó, ó fa Jésùtófúnmi sẹ́yìn ilẹ̀kùn. "Ó ti kú. Iyọ̀ yẹn nìkan ti tó pa á, ká má tíì sọ ti ìdọ̀tí. Jọ̀ọ́, lọ pe aláìsàn tó kàn."

Jésùtófúnmi padà sídìí bẹ́ẹ̀dì.

"Kí ló dé?" bàbá bi í.

Àwàdà tó fẹnu ara rẹ̀ ṣe lórí fóònù ni bàbá gbà gbọ́. Báwo ló ṣe fẹ́ sọ ọ́? "Kò... kò mú, bàbá mi."

"Mo sọ fún ọ! Ó há jù!"

Títí dòní, bó bá wálé, bàbá á ti sọ ọ́ fún gbogbo èrò ọkọ̀ tó ń kọjá pé ọmọ òun mọ̀wé, àmọ́ kò mọ àwọ̀n hun. Wọ́n á rẹ́rìn-ín. Ti Jésùtófúnmi ló máa ń ròkè jù. Lẹ́yìn náà, bàbá á mú un jókòó ti ara rẹ̀, á kó òwú lé e lọ́wọ́, á sì máa fi ìkúùkù ọwọ́ ọ̀tún tí kò ṣí yẹn gbá a léjìká.

"Fẹ̀ ẹ́ sí i."

Á sì fẹ̀ ẹ́.