Bàbá Ìjọ Wá Wo Bọ́ọ̀lù

Bàbá ìjọ wa kórìíra bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà. Lọ́dọọdún, bí àṣekágbá rẹ̀ bá ti ń bọ̀, wọ́n á gun àga ìwàásù, wọ́n á ní òrìṣà ni, pé ẹni tó bá torí rẹ̀ fi ìsìn ìrọ̀lẹ́ sílẹ̀, kó lọ bi ara rẹ̀ léèrè ẹni tó ń sìn. Èmi ni wọ́n máa ń wò tí wọ́n bá dé ibẹ̀ yẹn. Nítorí náà, nígbà tí agogo ẹnu ọ̀nà wa dún ní Queens Village lọ́jọ́ Ìsinmi àṣekágbá náà, tí mo ṣílẹ̀kùn, tí mo bá bàbá àti ìyàwó wọn nínú yìnyín pẹ̀lú kúlà mọ́ínmọ́ín, tí bàbá ní àwọn wá bá mi wo bọ́ọ̀lù, mo mọ̀ pé ìyá mi ti kú.

Kò sẹ́ni tó dárúkọ ikú. Bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn. Ojú lọ̀rọ̀ wà: a kì í sọ irú èyí fún èèyàn lórí fóònù, a kì í sọ ọ́ nígbà tó bá dá wà, a kì í sì í sọ ọ́ fún ẹni tí ebi ń pa. Àwọn àgbà á wá, wọ́n á jókòó, wọ́n á sọ̀rọ̀ òtútù, wọ́n á rí i pé o jẹun kí wọ́n tó tú u. Ìyá mi ti lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ní ọsibítù n'Íbàdàn. Mo ti ra tíkẹ́ẹ̀tì, Ọjọ́bọ̀ ni mo fẹ́ wọ bàálù. Nígbà tí a sọ̀rọ̀ gbẹ̀yìn lọ́jọ́ Sátidé, ohùn wọn ò jáde dáadáa, síbẹ̀ wọ́n bi mí ní ohun tí wọ́n máa ń bi mí láti ìgbà tí mo ti dé New York: ṣé mo ti jẹun. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ìyàwó mi gba fóònù mi, ó ní tòun ò ṣiṣẹ́, kò sì dá a padà.

Nọ́ọ̀sì ni mí. Ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó tí mo ti ń ṣiṣẹ́, èmi ni mo máa ń pe àwọn ọmọ olókùú. Wọ́n kọ́ wa pé ká má fi ọ̀rọ̀ bò, ká má sọ pé ó sùn tàbí pé ó lọ. Ká sọ pé ó kú. Gbólóhùn méjì ni gbogbo rẹ̀. Ìgbà tó wá kàn mí, mi ò fẹ́ gbólóhùn kankan. Mi ò ní purọ́, inú mi ò bàjẹ́ lásìkò yẹn. Ó dà bí ìgbà tí wọ́n fún ni ní abẹ́rẹ́ kí wọ́n tó yọ eyín: èèyàn á mọ̀ pé wọ́n ń fà á, kò kàn ní í dùn ún ni. Ohun tí mo ṣáà mọ̀ ni pé bí mi ò bá jẹun, wọn ò lè sọ ọ́. Bí wọn ò bá sì sọ ọ́, mo ṣì ní ìyá.

Mo bá jókòó ti tẹlifíṣọ̀n. Eré yẹn dára fún ẹni tó fẹ́ fi ọjọ́ falẹ̀. Wọ́n á sáré díẹ̀, wọ́n á wó lu ara wọn, wọ́n á dìde, wọ́n á kóra jọ ṣèpàdé. Aago eré á dúró, ìpolówó ọjà á dé. Bàbá béèrè ìgbà tí wọ́n máa sinmi. Mo ní ó ku ìṣẹ́jú méjì. Ìṣẹ́jú méjì náà lé ní ogún. Bàbá ń wo aago ọwọ́ wọn, wọ́n ń wo ti eré, bí ẹni tí alápatà rẹ́ jẹ. Mo ṣe àlàyé tí wọn ò béèrè: pé ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n ní láti fi gbé bọ́ọ̀lù síwájú ní ìwọ̀n yáàdì mẹ́wàá, bí wọn ò bá sì rí i ṣe, ó di ti ọ̀tá. Bàbá ń mi orí. Ẹ̀tẹ̀ la fi sílẹ̀ tí a ń pa lápálápá, gbogbo wa la sì mọ̀.

Ìyàwó mi ti gbé ẹ̀bà àti ẹ̀fọ́ wá síwájú mi lẹ́ẹ̀mejì, ó sì ti gbé e padà lọ mú un gbóná lẹ́ẹ̀mejì. Mo ní n óò jẹun tí wọ́n bá sinmi. Wọ́n sinmi, àwọn olórin kọrin, àwọn ọmọge jó. Mo ní ó di ìgbà tí eré bá tún bẹ̀rẹ̀. Ìyàwó bàbá ò wo tẹlifíṣọ̀n rárá. Èmi ni wọ́n ń wò. Inú bí mi sí wọn. Inú bí mi sí ìyàwó mi náà, tó mọ̀ láti àárọ̀, tó sì ń bi mí bóyá kóun fi ẹran kún un. Mo ń gbàdúrà kí wọ́n ta ọ̀mì, torí bí wọ́n bá ta ọ̀mì, wọ́n á fi kún àkókò. Ẹgbẹ́ tí ayò rẹ̀ bá kéré ni mo ń ṣe lẹ́yìn. Bó bá ti lé èkejì bá, mo ti padà lẹ́yìn rẹ̀ nìyẹn.

"Oúnjẹ ẹ yẹn ń tutù," ni bàbá wí níkẹyìn.

"N óò jẹ ẹ́, sà. Ẹ̀yin náà ẹ jẹ mọ́ínmọ́ín."

"Tí o ò bá jẹun, èmi náà ò ní jẹ."

Ó yẹ kí n ti rí i tipẹ́. Bàbá ní àtọ̀gbẹ. Òógùn ti yọ níwájú orí wọn nínú òtútù yẹn, ọwọ́ tí wọ́n fi di ife mú sì ń gbọ̀n. Mo bi ìyàwó wọn bóyá wọ́n ti gún abẹ́rẹ́ ìrọ̀lẹ́, èyí tó máa ń fa ṣúgà ara wálẹ̀ jù bí èèyàn ò bá jẹun lé e. Ìyàwó bàbá ní wọ́n ti gún un kí àwọn tó jáde, pé àwọn rò pé kíá la máa jẹun. Mo sáré bu omi ọsàn fún bàbá. Wọ́n gbé e kalẹ̀, wọ́n ní kí èmi kọ́kọ́ jẹun. Àgídí bàbá yìí, ó ju ti ọmọdé lọ.

Abala kan gbáko ló ṣì kù nínú eré náà, orí ọ̀mì ni wọ́n sì wà. Mo fọ ọwọ́. Mo bu òkèlè kan, mo gbé e mì, bàbá mu omi ọsàn. Mo bu ìkejì, bàbá jẹ mọ́ínmọ́ín. Mo fi ìkẹta sẹ́nu. Ìyàwó mi pa tẹlifíṣọ̀n.

Bàbá nu ẹnu wọn. "Ọmọ mi," ni wọ́n wí, "ìyá ti lọ sinmi. Àárọ̀ òní ni."

Mo mi orí, bí àwọn náà ṣe ń mi orí sí àlàyé mi. Mi ò gbé òkèlè náà mì. Mo rò pé bí mi ò bá gbé e mì, mi ò tíì jẹun tán. Ìyàwó mi wá kúnlẹ̀ síwájú mi, ó tẹ́ ọwọ́ sábẹ́ àgbọ̀n mi, bí ìyá mi ṣe máa ń ṣe nígbà tí mo kéré, tí mo bá há oúnjẹ mọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ tí mi ò gbé e mì.

"Dádì," ló wí, "ẹ tu ú."

Mo tu ú sí i lọ́wọ́. Ìgbà náà ló tó wá dùn mí.