Rẹ́kọ́ọ̀dù Tí Ìyá Ọkọ Mi Sá Sóòrùn

Ilé tí à ń gbé ní Ajah nígbà yẹn kò jìnnà sí ọ̀nà ẹsípírẹ̀sì rárá. Tí tírélà tó ń lọ sí èbúté ní Ìbẹ̀jú-Lẹ́kkí bá fun fèrè, fèrèsé wa á gbọ̀n, ọmọ mi á ta jí. Àkọ́bí mi ni. Kì í sùn, èmi náà kì í sùn. Ó dé ibì kan tí mo sunkún torí pé omi tí mo gbé kaná hó.

Iṣẹ́ kí wọ́n máa lẹ táìsì mọ́lẹ̀ ilé ni ọkọ mi ń ṣe. Onílé kan ní Thomas Estate, tó ń kó lọ sókè òkun, fún un ní gírámáfóònù àti páálí rẹ́kọ́ọ̀dù kan. Mo rò pé màá rí àwọn olórin tí bàbá mi ń gbọ́ níbẹ̀. Rárá o! Àwọn tẹ́nikẹ́ni ò gbọ́ rí ló kún inú ẹ̀. Nínú ọ̀kan, orin kan ṣoṣo ló gba odindi ẹ̀gbẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù kan, á máa yí padà títí wàá fi gbàgbé ibi tó ti bẹ̀rẹ̀. Nínú òmíràn, òyìnbó kan ń fọn fèrè láàárín àwọn ẹyẹ.

Ọkọ mi ní, "Àwọn wọ̀nyí mu nǹkan kí wọ́n tó kọrin o."

Èyí tó wọ̀ mí lọ́kàn ni èyí tí wọ́n ya igi aláwọ̀ àlùkò sí lára. Obìnrin kan ló ń fi gìtá kọ orin ìlú wọn, ní èdè tí mi ò gbọ́. Ẹ̀rọ orin kan ń dún lábẹ́ ohùn ẹ̀: wúù, wúù, lẹ́yìn náà kẹ́rẹ́-kẹ́rẹ́ bí ọ̀pọ̀lọ́ lẹ́yìn òjò. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ gbé e sí i, tírélà fun fèrè, ọmọ ò mira. Láti ọjọ́ náà, ọ̀sán di tiwa: orin á máa lọ, àwa méjèèjì á sùn.

Ìyá ọkọ mi wá láti Ìjẹ̀bú láti bá mi tọ́jú ọmọ. Wọ́n gbọ́ orin náà, wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Ìyàwó mi, kí lèyí? Ṣé ẹ̀rọ yẹn ń ṣàìsàn ni?"

"Orin ni mà."

"Ó dáa. Inú ló ń run ẹni tó ń kọ ọ́."

Mama ò fẹ́ràn eruku, àwọn òṣìṣẹ́ sì ń tún ẹsípírẹ̀sì ṣe lásìkò yẹn, eruku bo gbogbo ilé. Mo ti ọjà dé, mo bá gbogbo rẹ́kọ́ọ̀dù lórí páànù lẹ́yìnkùlé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlédìí ọmọ. Mama ti fi ọṣẹ fọ̀ wọ́n, wọ́n sì ti sá wọn. Gbogbo ẹ̀ ti ká bí ewé kókò tí oòrùn pa.

"Mo ti bá ẹ fọ̀ wọ́n o!"

Ta ni mo fẹ́ bú? Ìyá ọkọ mi? Mo ní, "Ẹ ṣé mà," mo wọ kíṣìnnì, mo ki ìṣẹ́tí aṣọ bọ ẹnu, mo gé e jẹ.

Ọ̀sán pọ́n. Tírélà fun fèrè, ọmọ figbe ta. Mo gbé rẹ́kọ́ọ̀dù onígi àlùkò sí i, abẹ́rẹ́ kàn ń fò ni. Mama wo rẹ́kọ́ọ̀dù, wọ́n wò mí, ojú wọn rọ̀.

"Àṣé oòrùn bà á jẹ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni mà."

Wọ́n wá ní, "Gbé e wá." Wọ́n pọ̀n ọ́n, wọ́n ń rìn yí pálọ̀ ká: "Wúù... wúù..." Ẹnu wọn ni o! Wọ́n ń pe èdè obìnrin yẹn bí wọ́n ṣe gbọ́ ọ, ohùn orin ò sì yẹ̀. Kí wọ́n tó dé ibi ọ̀pọ̀lọ́, ọmọ ti sùn.

Mo rọra ní, "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní inú ń run ún."

"Inú ń run ún náà. Ṣùgbọ́n ó mọ orin kọ."

Wọ́n ti padà sí Ìjẹ̀bú báyìí. Mo dán orin náà wò fúnra mi, ọmọ kàn ń wò mí bíi pé orí mi dàrú. Tí ọ̀sán bá ti le, mo máa ń pè wọ́n, màá gbé fóònù sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrọ̀rí.

"Mama, ẹ jọ̀ọ́, ọmọ yín ò sùn."

Wọ́n á wúkọ́ díẹ̀, wọ́n á ní, "Ẹ̀gbẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù wo lo fẹ́?"